Bẹ́líìtì Tó Ti Jẹ́dà Wá

Jẹ́dà,
Ọjọ́ kejì, oṣù Keje, ọdún 2025.

Ẹ̀yin ìyá mi,

Àsàlámù àlàékúmù. Mo kí yín láti ibi tí oòrùn ti ń jó ilẹ̀ títí di Mọ̀gàríbì. Ṣé ara yín le? Ṣé eékún yín ti dẹwọ́ díẹ̀? Èmi wà ní àlàáfíà. Iṣẹ́ ìfọṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì wa ti rọlẹ̀ nísinsìnyí tí àwọn tó wá ṣe Hájì ti ń padà sílé.

Mo pè yín ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ kò gbé e. Nígbà tí Raudah gbé e, ó ní ẹ ní bí mo bá ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ láti sọ, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé lórí fóònù mo máa ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu. Ó dáa. Mo ti jókòó, mo ti mú bírò.

Ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì táímìnì ọkọ̀ yín ni. Láti inú oṣù Karùn-ún tí rọ́bà tó ń gbé omi sínú ẹ́ńjìnnì ti bẹ́ lójú ọ̀nà Malete, tí ẹ dúró sẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú èèyàn méje láti aago méjì títí di Alásàrí, ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹnu àlejò ni mo ti gbọ́ ọ, ẹ̀yin kò sọ fún mi. Nígbà tí ẹ wá sọ pé Màsúdát ṣí ẹ́ńjìnnì náà, ó sì rí i pé bẹ́líìtì inú rẹ̀ ti ń sán, mo pinnu pé èmi ni n ó wá tuntun. Mo bi àwọn tó mọ ọkọ̀ níbí. Wọ́n ní òun ló ń mú kí òkè ẹ́ńjìnnì àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa yí pọ̀, pé bó bá já lórí eré, àwọn irin inú á kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnnì á sì di irin tí àwọn máíbọ́lá ń kó.

Ọjọ́ Jímọ̀ méjì ni mo fi wá a. Ilé ìtajà àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà gan-an ni mo ti rà á. Ó wà nínú páálí rẹ̀, orúkọ wọn wà lára rẹ̀. Mo fi lé àbúrò yín, Alájì Àbdùlkàdírì, lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà bọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kó má bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé èmi ni n ó kọ́ àwọn ní ẹrù gbígbé.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Ẹ má wa ọkọ̀ náà títí wọn yóò fi fi bẹ́líìtì yìí sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí Màsúdát fi í. Bàbá rẹ̀ la mọ̀ ní mẹkáníìkì. Òun, a kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti fi í tán, kí Raudah ya fọ́tò rẹ̀ fún mi.

Ọmọ yín,
Habibullah.


Basin, Ìlọrin,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, ọdún 2025.

Habibullah,

Wà àlàékúmù sàlámù. Eékún mi wà níbi tó wà. Raudah kí ọ. Òun ló ń ya fọ́tò ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ, nítorí náà má kọ ohun tí kò yẹ kí àbúrò rẹ kà.

Alájì ti dé láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá. Àwọn èèyàn ṣì ń wọ́ lọ sílé rẹ̀ láti bá a yọ̀. Ó ń fún wọn ní dàbínù, wọ́n ń kúnlẹ̀ kó ṣàdúà fún wọn. Bẹ́líìtì rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo dúpẹ́. Mo mọ ohun tí ọjọ́ Jímọ̀ méjì jẹ́ fún ẹni tó ń fọ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì láti Sátidé dé Àlàmísì.

N kò ní lò ó.

Ìdí kan wà tí n kò ní kọ sínú lẹ́tà yìí. Má yọ mí lẹ́nu lórí rẹ̀. Ohun tí mo lè kọ ni ohun tí mo ń ṣe dípò rẹ̀.

Mo bá Màsúdát lọ sí Challenge lọ́jọ́ Àtìní. Sufyan tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ gbé bẹ́líìtì mẹ́ta kalẹ̀ fún wa. Àkọ́kọ́ ní orúkọ àwọn tó ṣe ọkọ̀ lára páálí, ṣùgbọ́n nígbà tí Màsúdát fà á jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, kò sí nọ́ńbà, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ó ní, “Mọ́mì, páálí nìkan ni oríjínà níbí.” Sufyan ní kó má ba ọjà òun jẹ́. Màsúdát ní òun kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Èkejì kò lórúkọ rárá, ó sì ń rùn bíi bàtà tuntun. Ẹ̀kẹta ni ti ilé iṣẹ́ kan ní Japan tó jẹ́ pé bẹ́líìtì ni iṣẹ́ wọn. Orúkọ ara wọn ni wọ́n kọ sí i, kì í ṣe orúkọ àwọn tó ṣe ọkọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ pé, ọjọ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2016 ni, rọ́bà sì ń gbó nínú páálí. A kò gbà á. Sufyan ti ránṣẹ́ sí Èkó fún irú rẹ̀ tó jẹ́ tuntun. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí o má baà sọ pé ayédèrú ni mo fẹ́ rà: púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kì í ṣe bẹ́líìtì fúnra wọn. Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ni, wọ́n á wá tẹ orúkọ wọn sí i. Èyí tí kò ní orúkọ wọn lè dára, èyí tó ní orúkọ wọn sì lè jẹ́ irọ́, bí ti àkọ́kọ́ yẹn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwé tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya àti ìwé tí kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ti Màsúdát, ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú bàbá rẹ̀ kí bàbá náà tó kú. Òun náà ni yóò fi í.

Ọkọ̀ wà nílẹ̀ láti ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà. Àwọn èèyàn méje tí mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ní Malete ń wọ bọ́ọ̀sì. Nabeelah, ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní láíbúrárì, pè mí láàná pé ọlọ́kọ̀ kan ní Basin níbí ti ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n dúró dè mí.

Ìyá rẹ,
Bàríkísù.


Jẹ́dà,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Keje, ọdún 2025.

Ẹ̀yin ìyá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ka lẹ́tà yín nídìí áyọ́ọ̀nù, mo sì jó ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì àlejò kan. Mo tún un kà nígbà tí mo délé, kò yí padà.

Ẹ ní ìdí kan wà tí ẹ kò ní kọ. Mo mọ̀ ọ́n. Màsúdát ni. Bí ẹ bá lo bẹ́líìtì tí mo fi ránṣẹ́, kò sí ohun tí yóò jẹ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ra ti Sufyan, òun àti Sufyan á pín in. Ó wá kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ Japan, ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ́ kí alápatà tàn yín jẹ lórí ẹran. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi gbà ní ilé ìtajà, tí ẹnì kankan kò fọwọ́ kàn àyàfi Alájì tó ti ilẹ̀ mímọ́ bọ̀, òun lẹ sọ pé ẹ kò lò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí èyí tí mo fẹ́ kọ yìí. Orúkọ mi ló wà lára ìwé ọkọ̀ náà. Mo ti sọ fún Alájì kí wọ́n wá gba kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n mú mẹkáníìkì tiwọn wá, kí wọ́n fi ojúlówó sí i. Bí ẹ bá kọ̀, mo ti ní kí wọ́n bá mi wá ẹni tí yóò rà á. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ẹ bínú sí mi ju kí n tún gbọ́ ìròyìn yín lẹ́nu àlejò lọ.

Ọmọ yín,
Habibullah.


Jẹ́dà,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Keje, ọdún 2025.

Ìyá mi,

Ọjọ́ mọ́kànlá rèé, n kò rí ìlà kan. Alájì kò gbé fóònù mi láti Sátidé. Raudah ní ẹ ní kí òun má sọ nǹkan kan, pé ẹ máa kọ ọ́ fúnra yín. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, n kò sì mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́.

Ṣé wọ́n ti fi bẹ́líìtì náà sí i? Ṣé wọ́n ti ta ọkọ̀? Ẹ bínú sí mi tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Habibullah.


Basin, Ìlọrin,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Keje, ọdún 2025.

Habibullah,

Mo kí ọ, mo sì kí ẹni tí o jó ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé. Ohun tí mo fẹ́ fi dá àkọ́kọ́ lóhùn lọ́jọ́ tó dé kò yẹ lẹ́nu ìyá, ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́. Ara mi ti tutù báyìí.

Alájì wá ní Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlógún, lẹ́yìn tí a kírun Àìlá. Ó mú mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Danjuma dání, ẹni tó ń tún ọkọ̀ tirẹ̀ ṣe. Ó jókòó sórí àga bàbá rẹ, ó ní ọmọ ti pàṣẹ. Mo bi í pé ọmọ ta ló ń pàṣẹ fún ìyá ta. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀. Mo ru nǹkan yìí láti Jẹ́dà, ẹ ní ẹ ò lò ó. Kí ni kí n sọ fún ọmọ?”

Mo ní kọ́kọ́rọ́ wà níbi tí mo so ó sí, létí ìró mi, kó wá tú u. Danjuma kọjú sí ògiri.

Nígbà tó yá, Danjuma ní, “Hajiya, ẹ jẹ́ n wo bẹ́líìtì náà ná.” Raudah gbé e wá. Ó gbé e sọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibì kan, ó dúró. Ó tún lọ, ó tún dúró. Ó wá bèèrè pé, “Ta ló ká nǹkan yìí báyìí?”

Láti ọjọ́ tí Alájì dé ni mo ti mọ ìdáhùn rẹ̀, torí pé ojú mi ló ti fà á jáde láti inú kẹ́tùlù àlùwàlá tuntun tó rà ní Mẹdínà. Ẹrù rẹ̀ ti wúwo jù ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó ju páálí rẹ̀ nù, ó ṣẹ́ bẹ́líìtì náà po sí mẹ́ta, ó fi okùn dè é gírígírí, ó tì í sínú kẹ́tùlù, ó sì da dàbínù lé e kó má baà mì. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń fi hàn mí. Ó ní àwọn mìíràn fi ẹrù sílẹ̀, òun kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo mú un lọ fún Màsúdát. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í ṣẹ́ irú bẹ́líìtì yìí po, pé òun kò ní fi í sí ọkọ̀ tí òun fẹ́ kó padà wálé. Ọjọ́ yẹn ni mo gbé ọkọ̀ sílẹ̀.

Ìdí tí n kò kọ nìyẹn. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Hájì dé. Ilé rẹ̀ kún. N kò ní jẹ́ kí ọmọ tí mo bí máa bá a jà lórí fóònù lójú àwọn tó wá gba àdúà. Mo rò pé bí mo bá sọ fún ọ pé ìdí wà, o máa gbà pé ìdí wà. Ìwọ wá gbé e lé Màsúdát lórí, o sọ ọ́ di olè.

Jẹ́ n parí ti Sátidé. Alájì ní rọ́bà ni, pé rọ́bà kì í kán. Danjuma ní òun fẹ́ gé e, bí mo bá yọ̀ǹda. Mo yọ̀ǹda. Ó fi bíléèdì là á níbi tí wọn kò ti ká a, ó ní ká wò ó. Fọ́nrán funfun ló wà nínú rẹ̀, tín-ín-rín bí irun, wọ́n tò lọ gbọọrọ. Ó là á níbi tí wọ́n ti ká a. Àwọn fọ́nrán náà ti ṣẹ́ wẹ́wẹ́, wọ́n ń já bọ́ sórí tábìlì. Ó ní dígí ni wọ́n fi ṣe wọ́n, pé àwọn ni agbára bẹ́líìtì náà, rọ́bà kàn bò wọ́n ni. Ó ní èèyàn kò lè rí i láti ìta, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ì bá ti já.

Alájì ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mọ̀ látìgbà yẹn?” Mo ní mo ti mọ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ fún ọ, pé òun kò lè fi ẹnu ara òun sọ ọ́. Ìdí tí kò fi gbé fóònù rẹ nìyẹn. Má pè é títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi pè ọ́.

Nípa orúkọ tó wà lára ìwé ọkọ̀, mo ti kà á. Bí o bá rí ẹni tí yóò rà á, sọ fún un pé kó má wá sílé. Kó lọ dúró lójú ọ̀nà Malete láàárọ̀, kó na ọwọ́ sí mi. Bí àyè bá ṣì wà, n ó gbé e.

Ìyá rẹ,
Bàríkísù.


Jẹ́dà,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje, ọdún 2025.

Ẹ̀yin ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi bẹ Màsúdát, n ó sì kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo yẹ kí n ti sọ fún Alájì pé kí wọ́n má ká a, ṣùgbọ́n èmi náà kò mọ̀. Ó jẹ́ pé ọwọ́ mi ni mo fi ra ohun tó lè pa yín, tí mo sì ń fi ìwé ọkọ̀ halẹ̀ mọ́ yín kí ẹ lè lò ó. N kò lè sùn dáadáa láti ọjọ́ tí mo ti kà á.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣe é dáadáa báyìí. Ummu Kulthum tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń bọ̀ wá sílé ní ìparí oṣù Kẹjọ. N ó ra òmíràn, yóò gbé e dání nínú páálí, kò ní ká a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ títí di ìgbà náà. Mo sì ti bá Hàrúnà, ọmọ Ìyá Yísà, sọ̀rọ̀. Ó ní òun lè máa wa ọkọ̀ náà lọ sí Malete. Ẹ̀yin ẹ jókòó, kí ẹ tọ́jú eékún yín. Ẹ ti di ẹni ọgọ́ta ọdún.

Kì í ṣe bẹ́líìtì gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Nígbà tí Bàbá kú, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ni mò ń ká lọ́wọ́. Wọ́n ti sin Bàbá tán kí ẹnikẹ́ni tó rántí pè mí. Láti ọjọ́ yẹn, bí fóònù bá ti dún láti ilé, inú mi á kọ́kọ́ bàjẹ́ kí n tó gbé e. Bẹ́líìtì yẹn ni ohun kan ṣoṣo tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe láti ibí yìí.

Ọmọ yín,
Habibullah.


Basin, Ìlọrin,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹjọ, ọdún 2025.

Habibullah,

Ọlọ́hun yóò fún ọ ní oorun. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀, má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Màsúdát ní kí n sọ fún ọ pé òun kò bínú, ṣùgbọ́n pé bí o bá ń kọ tirẹ̀ bọ̀, kí o má kọ ọ́ nídìí áyọ́ọ̀nù.

Mo ka lẹ́tà rẹ lọ́jọ́ Àlàádì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì sunkún níbi tí o ti sọ̀rọ̀ bàbá rẹ. Lọ́jọ́ Àtàláátà, mo ní kí Màsúdát fi bẹ́líìtì tí mo yàn sí ọkọ̀ mi.

Kì í ṣe pé n kò gbọ́ ohun tí o sọ. Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò kú lójú ọ̀nà. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kú sí, lẹ́yìn tó jẹun tán. Bí mo bá jókòó sílé nítorí ìyẹn, ibi tó kú sí gan-an ni mo jókòó sí. Ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ ni pé kí o máa gbọ́, kí o sì kọ́kọ́ gbọ́. Mo ṣẹ̀ ọ́ nípa ti oṣù Karùn-ún. Mo ti sọ fún Raudah pé ohunkóhun tó bá ṣe mí, bó tilẹ̀ jẹ́ táyà ló jò, ìwọ ni kó kọ́kọ́ pè. Ìyẹn ni mo lè ṣe fún ọ, n ó sì ṣe é. Ti pé kí n má wa ọkọ̀, n kò lè ṣe é. Sọ fún Hàrúnà kó wá ọkọ̀ ẹlòmíràn wà. Sọ fún Ummu Kulthum kó fi àyè inú àpò rẹ̀ gbé ẹrù ìyá tirẹ̀.

Alájì ló lọ gba bẹ́líìtì náà lọ́wọ́ Sufyan. Ó gbé páálí rẹ̀ lé itan láti Challenge dé ibí, kò jẹ́ kí awakọ̀ sáré. Danjuma wá wo iṣẹ́ náà, ó ní òun kò ní sọ̀rọ̀, ó sì sọ̀rọ̀ títí. Màsúdát fi ṣọ́ọ̀kì funfun sàmì sí àwọn irin tí eyín bẹ́líìtì ń gùn, ó pààrọ̀ irin tó ń fa bẹ́líìtì náà le, ó sì fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Àwọn àmì náà padà bá ara wọn. Danjuma ní báyìí gan-an ni bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe é. Èmi ni mo tanná sí i. Ó dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ Àlàmísì mo lọ sí Malete. Márùn-ún nínú àwọn èèyàn mi ló dúró dè mí, méjì ti bá ọlọ́kọ̀ kejì lọ. Nabeelah jókòó níwájú. Nígbà tí a dé ibi tí a ti dúró ní oṣù Karùn-ún, gbogbo wọn na ọrùn wo ẹ̀bá ọ̀nà. Mo kọjá níbẹ̀ lórí eré ọgọ́ta.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí o mọ̀. Nígbà tí Màsúdát parí, ó lẹ bébà kan mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó kọ ọjọ́ sí i, ó kọ orúkọ àwọn tó ṣe bẹ́líìtì náà, ó kọ 141,300 máìlì tí ọkọ̀ wà báyìí, àti 201,300 tí a ó tún pààrọ̀ rẹ̀. Ìlà ìkẹyìn ni ti orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀. Ó gbé bírò sókè, ó wò mí, nítorí pé ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀. Mo gba bírò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀: Bàríkísù.

Ìyá rẹ.